Láti Ìdí Abọ́ Àgbàdo Dé Orí Àga Olóòtú
Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn ọ̀dọ́ akọ̀ròyìn, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá wa. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti Kétu wá, tí ẹ ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá, ẹ̀yin tí ẹ wọkọ̀ láti Ìtàkété àti Ìpóbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ kú ewu ọ̀nà. Àjàṣẹ́ kí yín káàbọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí ni iṣẹ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé, tó wá di olóòtú ìwé ìròyìn. Báwo lèèyàn ṣe ń rin ọ̀nà náà? Kí ló gbọ́dọ̀ ti mọ̀ kó tó dé ibẹ̀? Kí ló sì máa ń gbé e ṣubú nígbà tó bá débẹ̀ tán? Ẹni tí kò bá lè dúró lẹ́yìn iye kan ṣoṣo tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, kò sí bó ṣe máa dúró lẹ́yìn ojú ìwé mẹ́jọ tí ọwọ́ ẹlòmíràn kọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú tí a jókòó sí yìí kì í ṣe àlejò nídìí ìwé ìròyìn. Ní 1920 ni Dorothée Lima ti gbé ìwé ìròyìn Le Guide du Dahomey jáde; Dahomey ni wọ́n ń pe Benin nígbà náà. Ní 1923, nígbà tí ìjọba Faransé fi kún owó orí, àwọn ará Àjàṣẹ́ kọ̀ láti san án, iṣẹ́ dúró, ìjọba kó ọmọ ogun wọ̀lú, wọ́n sì lé Louis Hunkanrin, akọ̀ròyìn ọmọ ìlú yìí, lọ sí Moriténíà. Kí ló fa gbogbo rẹ̀? Iye owó kan tó yí padà nínú ìwé ìjọba ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìròyìn owó jẹ́ ìròyìn tútù.

Ọ̀rọ̀ kìíní: iye

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Ká ní olóòtú rán ọmọ iṣẹ́ kan lọ sí ọjà Ouando pé kó lọ wo bí àgbàdo ṣe gbówó sí. Ó débẹ̀, ó kí ìyá kan, ó béèrè, ó kọ iye tí ìyá sọ, ó padà wálé. Ṣé ìròyìn nìyẹn? Kò tíì di ìròyìn. Ọmọ náà kò wo abọ́.

Ẹ wo abọ́ yẹn dáadáa lọ́jọ́ tí ẹ bá tún dé ọjà. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó rí i pé wọ́n ti fi òòlù lù ú láti ìsàlẹ̀, ìdí abọ́ ti yọ ikùn sókè sínú. Ojú abọ́ kò dín, etí abọ́ kò dín, àmọ́ ẹ̀kúnwọ́ méjì àgbàdo ti lọ. Ẹ wo orí rẹ̀ náà: ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n gọ́gọ́rọ́ ni, tàbí wọ́n fi ọwọ́ gé e pẹlẹbẹ? Ẹ wo ènì: àná wọ́n fi ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe ènì, ṣé lónìí wọ́n ṣì ń fún èèyàn? Iye owó lè dúró sójú kan fún oṣù mẹ́ta, kó jẹ́ pé ènì ló lọ ní oṣù kìíní, orí abọ́ ló lọ ní oṣù kejì, ìdí abọ́ ló wú ní oṣù kẹta. Ìyàwó ilé mọ̀ pé ọjà ti gbówó lórí. Ìwé ìròyìn ní kò sí ohun tó yí padà. Ta ló pa irọ́?

Nítorí náà, ra abọ́ kan, gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n, kọ ìwọ̀n rẹ̀ ní kìlógíráàmù. Ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ olùtà mẹ́ta, ní apá ọjà tó yàtọ̀ síra, ní wákàtí kan náà, nítorí ọjà òwúrọ̀ kì í ṣe ọjà ìrọ̀lẹ́. Béèrè iye àpò lọ́wọ́ alátà-ńlá lọ́tọ̀, kí o má da àpò pọ̀ mọ́ abọ́. Lẹ́yìn náà, wo oṣù tí o wà. Ní ìhà gúúsù wa níbí, owó àgbàdo máa ń ga ní oṣù kẹfà kí tuntun tó jáde. Bí ti oko bá ti ń wọlé ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, á wálẹ̀. Ẹni tó bá fi oṣù kẹjọ wé oṣù kẹfà tó wá kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀wọ́n ti dópin, òjò àti ilẹ̀ ló ń ròyìn, kì í ṣe ọrọ̀ ajé. Oṣù kẹjọ ọdún yìí ni kó fi wé oṣù kẹjọ èṣí. Bó bá ti rí tirẹ̀, kó wá wo èyí tí INStaD, ilé iṣẹ́ oníṣirò ìjọba, ń gbé jáde lóṣooṣù lórí owó ọjà. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ibẹ̀ gan-an ni ìròyìn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò ìdá ọgọ́rùn-ún ńkọ́? Ó ti gbé akọ̀ròyìn púpọ̀ ṣubú. Ohun tó ti 200 sẹ́fà di 300 ti fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Bó bá padà sí 200, ìdá 33 àti díẹ̀ ló fi wálẹ̀, kì í ṣe 50. Bí èlé orí owó tí báńkì ń yáni bá ti ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún di 5, ó fi ojúwọ̀n kan gòkè. Àmọ́ ẹni tó yá owó ń san èlé tó fi ìdá 25 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èwo ni kó o kọ? Kọ méjèèjì, kí o sì sọ iye sẹ́fà tó máa jáde lápò ẹni tó yá 100,000: láti 4,000 sí 5,000 lọ́dún. Ìyẹn ni kò ní rú ẹnikẹ́ni lójú.

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àgbà tó wà níjókòó mọ̀ ọ́n lára. Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1994, ní Dakar, wọ́n kéde pé sẹ́fà 50 tó ń ra fáráǹ Faransé kan yóò di 100 láti ọjọ́ kejì. Sẹ́fà wa pàdánù ìdajì agbára rẹ̀, ìdá 50. Oògùn tí wọ́n ń kó wọlé láti Faransé ńkọ́? Ní sẹ́fà, iye tí wọ́n ń rà á níbẹ̀ fi ìdá 100 gòkè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ọjọ́ kan ṣoṣo ni, iye méjì. Ẹni tó kọ “ìdajì” kò purọ́. Ẹni tó kọ “ìlọ́po méjì” kò purọ́. Àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti ilé apòògùn, “ìlọ́po méjì” lo máa kọ fún un, torí ohun tó san nìyẹn.

Àwa tí a wà lẹ́bàá ẹnubodè sì ní ewu tiwa, torí ìwé èdè méjì là ń kà. Ohun tí Nàìjíríà ń pè ní bílíọ̀nù, ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ni. Milliard ni ó ń jẹ́ lọ́dọ̀ Faransé. Faransé ní billion tirẹ̀, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ti Nàìjíríà. Àmì kékeré náà wà ńbẹ̀: 1,500 jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lójú ará Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, ó jẹ́ ọ̀kan àti ààbọ̀ lójú akọ̀wé báńkì ní Kùtọnù. Ẹni tó ń kó ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ iye náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó kọ ọ́ ní nọ́ńbà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí iye tó wà lórí bébà bá ohun tó wà nílẹ̀ mu.

Ẹ jẹ́ ká yára kan ìwé àwọn ilé iṣẹ́. Owó tí wọ́n pa ní títà kì í ṣe èrè. Èrè tó wà nínú ìwé kì í sì í ṣe owó tó wà lọ́wọ́, torí gbèsè tí oníbàárà kò tíì san ti wọnú ìṣirò. Bí ilé iṣẹ́ kan bá pe ara rẹ̀ ní ńlá, béèrè nọ́ńbà RCCM rẹ̀, ti ìforúkọsílẹ̀ òwò, àti IFU rẹ̀, ti owó orí, kí o tó kọ orúkọ rẹ̀. Ti owó ìjọba pẹ̀lú: Ilé Aṣòfin wà ní ìlú yìí, ìwé ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ ń dé síbẹ̀ ní oṣù kẹwàá, wọ́n sì ń dìbò lé e kí ọdún tó parí. Owó tí wọ́n dìbò fún, owó tí wọ́n bu ọwọ́ lù fún agbaṣẹ́ṣe, owó tí wọ́n san gan-an: mẹ́ta ni, wọn kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀rọ̀ kejì: ta là ń kọ ọ́ fún?

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Bernard Kilgore, Barney ni wọ́n ń pè é. Ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti bí i ní 1908. Ó wọ Wall Street Journal ní 1929, ọdún tí ọjà ìpín wó ní New York. Wọ́n rán an lọ sí San Francisco. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ìwé ìròyìn òun ń fi èdè àwọn oníbáńkì bá àwọn oníbáńkì sọ̀rọ̀. Kí ló ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ẹnì kan tó pè ní George. Nínú lẹ́tà náà ló ti ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ owó fún George bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi.

Ní 1941 wọ́n fi í ṣe olóòtú tó ń darí ìwé náà, kò tíì pé ọmọ ọdún 33. Nǹkan bí 33,000 ẹ̀dà ni wọ́n ń tà nígbà náà. Nígbà tó kú ní 1967, ó ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Kí ló yí padà? Ìlànà tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn ni pé kí akọ̀ròyìn má kọ ìròyìn báńkì fún oníbáńkì, kó kọ ọ́ fún àwọn tó ń kówó lọ síbẹ̀, àwọn yẹn ló pọ̀ jù. Ó tún yọ ọ̀rọ̀ “lánàá” àti “lónìí” kúrò lẹ́nu ìròyìn: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù mẹ́fà náà ìròyìn ni, bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì sọ ọ́. Nígbà tí ogun bá Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Àìkú kan ní oṣù kejìlá 1941, rédíò ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwé ìròyìn rẹ̀ ti ọjọ́ Ajé kò kàn tún ti rédíò sọ; ohun tí ogun náà máa ṣe fún ilé iṣẹ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé síwájú.

Ẹ gbé George wá sí Kétu. Ta ni George wa? Ó lè jẹ́ aránṣọ tó fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ kejì. Bí BCEAO, báńkì àgbà tó wà ní Dakar, bá yí èlé rẹ̀ padà, ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìgbìmọ̀ àti ọjọ́ ìpàdé ti sọ aránṣọ náà nù ní ìlà kìíní. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó lè jẹ́ ìyá tó ń ra ọjà ní Nàìjíríà wá tà. Sọ fún un pé sẹ́fà wa so mọ́ Euro, 655.957 fún Euro kan, kò ṣípò. Pé náírà kò so mọ́ ọn. Pé bí náírà bá já, ọjà tó ń rà lọ́hùn-ún lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí èyí tó ń tà fún ará Nàìjíríà sì wọ́n mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyá kan náà, apá ọ̀tún jèrè, apá òsì pàdánù. Ìròyìn tó sọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú méjèèjì kò tíì parí.

Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, tí kò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020, ìròyìn àwọn ìjọba méjèèjì kún ojú ìwé. Àmọ́ tòmátì ń jẹrà nínú agbọ̀n. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, wọ́n kéde ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo kpayo inú ìgò tí wọ́n ń kó láti Nàìjíríà wá tà létí títì Àjàṣẹ́ ti gbówó lórí, owó zemijan, ọ̀kadà wa, tẹ̀ lé e. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé máa gbé kiri, kó sì gbé e dé orí àga olóòtú: ta ló san án? Ojú ọ̀nà tuntun, ta ló san án? Ọjọ́ ìsinmi tuntun, ta ló san án? Ọ̀fẹ́ tí wọ́n kéde, ta ló san án?

Ọ̀rọ̀ kẹta: àga

Ó ti di olóòtú wàyí. Kí ló kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ sí i? Bírò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dun èèyàn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ jù lọ nínú ilé ni wọ́n gbé sórí àga, wọ́n sì ní kó má kọ mọ́. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé kó máa tún gbogbo ìròyìn kọ ní ohùn ara rẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àbọ̀ iṣẹ́ wá, torí wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá á parí rẹ̀.

Kí ló yẹ kó ṣe? Kó tẹ ìròyìn sórí bébà, kó mú bírò pupa, kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo iye, gbogbo orúkọ, gbogbo ọjọ́. Kó dá a padà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí akọ̀ròyìn kọ ibi tó ti rí i: ìwé wo, ojú ewé kelòó, ẹnu ta, ọjọ́ wo. Ìlà tí kò bá ní ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ohun tó wà lókè rẹ̀ jáde. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni fún ìròyìn tó kún ojú ìwé kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ á ti máa fa ìlà náà fúnra wọn kí wọ́n tó gbé e wá.

Ojú ìwé náà ní òfin tirẹ̀. Bébà ńlá tí wọ́n ká sí méjì, ojú mẹ́rin ló ní. Nítorí náà ojú mẹ́jọ lè di méjìlá, kò lè di mẹ́sàn-án. Láàárọ̀, lórí chemin de fer, bébà tí wọ́n ya gbogbo ojú ìwé sí bí àpótí kéékèèké, olóòtú á ti mọ ibi tí ìpolówó wà, ibi tó ṣófo, ìròyìn tó máa wọ la une, ojú ìwé àkọ́kọ́, àti èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ bó bá wó ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá ní arọ́pò, ìròyìn tí kò dá a lójú ló máa gbé síwájú nígbà bouclage, wákàtí tí wọ́n ń ti ojú ìwé pa.

Ohun tó nira jù fún ẹni tó ti ìdí ọrọ̀ ajé wá ni àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ọ̀gá báńkì tó ń fún un ní ìròyìn fún ọdún mẹ́wàá, oníṣòwò ńlá tó ń dáhùn ìpè rẹ̀ lóru. Lọ́jọ́ kan, ìròyìn nípa wọn á dé orí tábìlì. Fóònù á dún: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Kí ló máa ṣe? Kó fún ẹni náà ní ààyè láti fèsì, pẹ̀lú wákàtí tó dájú, kí èsì náà sì wọnú ìròyìn ní pípé. Kó gbé ìròyìn náà fún igbákejì rẹ̀ láti ṣe àtúnṣe rẹ̀, kí ọwọ́ òun má bàa wà níbẹ̀. Àmọ́ kó má dá a dúró. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tuntun tí ìròyìn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń wo ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: owó ilé

Akọ̀ròyìn ọrọ̀ ajé ti ka ìwé owó gbogbo èèyàn. Kó wá ka ti ilé tirẹ̀. Ká ní ẹ tẹ ẹ̀dà 1,000, tí títẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 sẹ́fà. 150,000 ti lọ. Ẹ ta 600 ní 300, ó jẹ́ 180,000. Olùtà mú 90 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 54,000. Ó ku 126,000. Ẹ ti jẹ gbèsè 24,000 lọ́jọ́ kan, ẹ kò tíì san owó oṣù, ẹ kò tíì san owó iná. Ẹ̀dà 400 tó padà wálé ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ 700 tí ẹ sì ta 600 yẹn, títẹ̀ á jẹ́ 105,000, á ku 21,000 lọ́wọ́. Olóòtú tí kò mọ ìṣirò yìí, ọ̀gá ìpolówó ló máa darí rẹ̀.

Torí ìpolówó ló ń dí ihò náà, ẹni tó ń sanwó sì mọ̀ pé òun ló ń dí i. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Kí ìpolówó tó jọ ìròyìn ní àkọlé ìpolówó gàdàgbà lókè rẹ̀. Kí oníbàárà kan ṣoṣo má gbé ìwé náà débi pé bó bá kúrò, ilé á wó. Kí ọ̀gá ìpolówó má mọ la une kó tó jáde. Ní ti àpò ìwé tí wọ́n ń fún akọ̀ròyìn níparí ìpàdé, tí wọ́n ń pè ní owó ọkọ̀: kí ilé iṣẹ́ san owó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ má bínú, kò sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá fún lówó ọkọ̀, ẹlòmíràn á fún un, ẹni yẹn ló máa di ọ̀gá rẹ̀ gan-an. Akọ̀ròyìn tó bá ra ìpín ilé iṣẹ́ kan ní BRVM, ọjà ìpín wa tó wà ní Abidjan, kó sọ ọ́, kó má sì kọ nípa ilé iṣẹ́ náà mọ́.

Nípa òfin, ẹ mọ méjì yìí yàtọ̀: ohun tí ẹ tẹ̀ sórí bébà wà lábẹ́ òfin ìròyìn ti 2015, bí ẹ bá gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin ayélujára, Code du numérique ti 2018, lè kàn án, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú ìyẹn. Ẹni tí ẹ bá kọ nípa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti fèsì. Bí iye bá jẹ́ àṣìṣe, ẹ tún un ṣe ní ojú ìwé tó ti jáde gan-an, ẹ kọ èyí tó jẹ́ àṣìṣe àti èyí tó tọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ó di alẹ́. Ojú ìwé ti kún, ilé ìtẹ̀wé ń dúró de bon à tirer, ìfọwọ́sí pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Ní wákàtí yẹn, olóòtú kì í ka ìròyìn láti ìbẹ̀rẹ̀ mọ́, torí ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n jù, kò ní rí nǹkan kan. Kó ka ọjọ́ tó wà lókè ojú ìwé. Kó ka àkọlé ńláńlá. Kó ka orúkọ tó wà lábẹ́ àwòrán, kó sì wo àwòrán náà bóyá ẹni yẹn ni. Kó pe ẹnì kan tí kò tíì rí ojú ìwé náà, kó ní kó ka gbogbo iye sókè ketekete fún òun, pẹ̀lú òdo rẹ̀, nígbà tí òun ń wo bébà tí bírò pupa wà lára rẹ̀. Bí méjèèjì bá bára mu, kó fọwọ́ sí i.

Ẹ ṣé tí ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó wá láti Ṣábẹ̀ẹ́, torí ọ̀nà wọn ló jìn jù.